Iná Tí Kò Rí Ilẹ̀ Tẹ̀

Ọlọ́kadà kan ló kan fèrèsé mi lórí afárá Láfẹ́nwá:
"Bàbá, ẹ ń tẹ bíréèkì, ẹ̀yìn yín ò sọ nǹkan kan."
Ó ti lọ kí n tó dúpẹ́.
Mo wo dígí, mo rí tírélà
tó lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn bí ẹni tí mo jẹ lówó,
mo sì rántí pé láti ọdún tí mo ti ń wakọ̀
n kò rí iná ẹ̀yìn ara mi rí.
Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí.

Rádíyà ọmọ Ṣóẹtan, réwáyà Ìdí-Àbà,
kò tilẹ̀ kí mi tán.
"Ẹ má pa á. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tún un tẹ̀."
Ó wà lẹ́yìn, mo wà níwájú.

Bóyá gílóòbù ni, mo ní.
Ó yọ ọ́, ó mì í sí etí bí ẹni ń yẹ ẹyin wò:
"Mẹ́ta kì í kú lọ́jọ́ kan, Bàbá, àfi bí ogun bá jà."
Ó ṣí ilé fíúsì, ó fi ẹ̀mú fa ọ̀kan yọ,
ó gbé e sójú oòrùn. Ahọ́n rẹ̀ kò já.
Ó wá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó gbé orí sábẹ́ pẹ́dà;
mo ká ẹsẹ̀ mi kò, ojú ń tì mí,
orí ọmọ ọlọ́mọ nídìí bàtà mi.
Súìṣì kan wà níbẹ̀ tí kò ju èkùrọ́ lọ.
Ó fi tẹ́sítà kàn án, tẹ́sítà tàn.
"Iná kúrò nílé," ó ní.
"Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó bóyá ó dé oko."

Ó dé oko.
Létí gílóòbù gan-an, tẹ́sítà tún tàn.
Iná kúrò nílé, iná dé oko, iná kò ṣiṣẹ́.
Mo tẹ bíréèkì, tíráfíkétọ̀ ọwọ́ òsì ló ń ṣẹ́jú
fìrífìrí, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ ẹlòmíràn
tó sáré dáhùn.

Ìgbà yẹn ni Rádíyà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.
"Kò rí ilẹ̀ tẹ̀ ni."
Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.
"Iná tó bá jáde gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sílé.
Wáyà dúdú yìí ni ilẹ̀ rẹ̀.
Bí ilẹ̀ bá sá fún ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò máa ya ilé onílé,
yóò máa tan àtùpà tí kì í ṣe tirẹ̀."

Ó ká rọ́ọ̀gì inú búùtù.
Èmi ni òórùn náà kọ́kọ́ bá:
ẹ̀gẹ́.
Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kó ẹ̀gẹ́ rírẹ láti Ọ̀dẹ̀dá,
àpò lórí àpò, omi kíkan ń kán tótó.
Mo rò pé ó ń dà sí títì.
Kò dà sí títì. Ó dúró sídìí nọ́ọ̀tì kan,
ó ń jẹ ẹ́ bí kòkòrò ṣe ń jẹ eyín ọmọdé
títí irin fi di ìyẹ̀fun aláwọ̀ osùn.

"Bàbá, ta ló ba ọkọ̀ yín jẹ́?"
N kò fèsì. Ó mọ̀ pé mo mọ̀.

Ó fi sáńpépà ha á, ó fún nọ́ọ̀tì tuntun mọ́ ọn,
ó fi gíríìsì bò ó lójú.
"Ẹ tẹ̀ ẹ́."
Níwájú, n kò rí nǹkan kan, bí ìgbàkígbà.
Ṣùgbọ́n ojú Rádíyà nínú dígí,
ó pupa fòò.

Lálẹ́, mo fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sún mọ́ ògiri ọgbà wa
tí mo fi ẹfun kùn lọ́dún Iléyá tó kọjá.
Mo tẹ̀ ẹ́, ògiri pọ́n.
Mo gbé ẹsẹ̀, ògiri funfun.
Mo tún un tẹ̀.
Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé:
"Kí lẹ ń ṣe nínú ọkọ̀ láti àárọ̀? Oúnjẹ ti tutù."
Mo ní ẹ má bínú,
ìpàkọ́ mi ni mò ń wò.